Ìjì Líle ń Bọ̀ Níbi Tí Ọmọ Wa Wà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Òbí ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Ọdọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń kó wá. Ọmọ wa wà ní Houston ní Texas, ọmọ wa wà ní Tampa ní Florida, wọ́n ní ìjì ń bọ̀, kí la máa ṣe? A kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó ta kókó ló gbẹ̀yìn.

Kí ni ń jẹ́ họ́ríkéènì? Ṣé kì í ṣe irú ìjì tó ń ṣí páànù wa náà ni?

Rárá o. Ìjì tó máa ń jà ní Iléṣà ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, kì í sábà ju wákàtí kan tàbí méjì lọ. Ó lè ṣí òrùlé, ó lè wó igi lu wáyà iná, àmọ́ kíá ló ń kọjá.

Orí òkun ni họ́ríkéènì ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti gbóná tó ìwọ̀n 26.5 sẹ́ńtígíréèdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru omi yẹn ló ń jẹ dàgbà. Atẹ́gùn á máa yí po, fífẹ̀ rẹ̀ á tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ojú kan á sì wà láàárín rẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó lè rìn lórí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyè fi wà láti sá fún un. Ìjì tiwa kì í fúnni ní ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Eléyìí sábà máa ń fúnni.

Ṣé ó lè dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí?

Kò lè dé. Etíkun wa sún mọ́ agbedeméjì ayé jù, ìyípo ayé kò lágbára tó níbẹ̀ láti mú atẹ́gùn yí po bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn sì ni irú ìjì yìí máa ń kọjú sí, ó ń jìnnà sí wa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó le jù tó ń kọlu Amẹ́ríkà, òkè ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́ tó ń gba orí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kọjá nígbà òjò máa ń bọ́ sórí òkun lápá Senegal àti Cape Verde, omi gbígbóná ibẹ̀ á sì sọ ọ́ di ńlá.

Oṣù wo ló yẹ kí ojú wa wà lára rẹ̀?

Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni wọ́n kà sí àsìkò rẹ̀. Àárín oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹwàá ló máa ń le jù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ, tí àyè bá wà láti yan oṣù, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Wọ́n ní ìpele 1, ìpele 5. Kí ni wọ́n ń wọ̀n?

Bí atẹ́gùn ṣe ń yára tó, òun nìkan. Ìpele 1 bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 119 ní wákàtí kan, ìpele 2 láti 154, ìpele 3 láti 178, ìpele 4 láti 209, ìpele 5 láti 252 sókè. Láti ìpele 3 ni wọ́n ti ń pè é ní ìjì ńlá.

Ìwọ̀n yìí kò sọ nǹkan kan nípa omi, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ìjì kan tí wọ́n sọ ní Ike, tó kọlu Galveston ní Texas ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ìpele 2 ni. Síbẹ̀, òkun tó tì wọ Bolivar lẹ́gbẹ̀ẹ́ Galveston ga tó mítà 4.5 sí 6, ó gbá ilé lọ títí tó fi ku ìpìlẹ̀ lásán. Beryl tó dé Houston ní oṣù keje ọdún 2024, ìpele 1 ni. Ó mú iná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù 2, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wà nínú ooru láìsí iná fún ọjọ́ púpọ̀. Tí ọmọ yín bá ní “ìpele kìíní náà ni,” ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ariwo atẹ́gùn ni à ń gbọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé omi ló ń pani?

Nítorí pé òun ló ń pani jù. Atẹ́gùn á ti òkun wọ ìlú. Ẹ má rò ó bí ìgbì tó wá tó sì padà. Òkun fúnra rẹ̀ ló gbéra, tó rìn wọ àdúgbò, tó wọ yàrá, tó sì lè wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ní Galveston, ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900, wọ́n fojú bù ú pé èèyàn bíi 8,000 ló kú, omi yìí ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní New Orleans lọ́dún 2005, nígbà tí Katrina dé, ògiri tí wọ́n fi dá omi dúró já, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà.

Ó ṣòro fún àwa ará Iléṣà láti fojú inú wo èyí. Ìlú wa fi ohun tó ju mítà 300 ga ju òkun lọ. Ní gbogbo Florida, orí òkè tó ga jù lọ kò ju mítà 105. Nígbà tí ọmọ yín bá sọ fún yín pé òun ń gbé “nítòsí ètí omi, ibẹ̀ tutù, ó dára,” ẹ bi í bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó.

Òjò tún wà lọ́tọ̀. Lọ́dún 2017, Harvey dúró lórí Texas fún ọjọ́ mélòó kan. Ibì kan wà tó gba òjò tó ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ìyẹn tó ohun tí agbègbè wa yìí ń rí ní odidi ọdún. Nítorí náà, ẹni tó jìnnà sí òkun náà lè rí omíyalé. Omi tó ń ṣàn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tó tó 30 lè gbé mọ́tò kékeré, 60 sì lè gbé jíìpù. Inú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ tí omi gbé lọ wà, wọ́n rò pé àwọn á là á kọjá.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ilé ọmọ wa wà lára ibi tí wọ́n máa ní kí wọ́n kúrò?

Ẹ bi í lónìí, kí ìjì kankan tó dìde: “Lẹ́tà wo ni àdúgbò yín?” Florida fi lẹ́tà pín àdúgbò láti A lọ, A sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní kó jáde. Ní agbègbè Houston àti Galveston, zip code, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì àdúgbò, ni wọ́n fi pín in sí Coastal (etíkun), A, B àti C. Ọmọ tó bá ti ń gbé ibẹ̀ lọ́dún mẹ́ta tí kò mọ lẹ́tà rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ títí tó fi máa wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀.

Omi ni kí èèyàn sá fún, atẹ́gùn ni kó fara pamọ́ fún nínú ilé tó lágbára. Ẹni tí kò sí nínú lẹ́tà kankan lè má ní láti jáde, àyàfi tó bá ń gbé inú ilé alágbèéká tí wọ́n fi páànù àti pákó ṣe. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dúró sí. Ẹni tó sì fẹ́ jáde, kò pọn dandan kó rìn jìnnà. Ó dà bí ìgbà téèyàn lọ láti Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe láti Iléṣà sí Kano. Ilé ọ̀rẹ́ kan lórí ilẹ̀ tó ga, kìlómítà díẹ̀ sí òkun, ti tó lọ́pọ̀ ìgbà.

“Watch” àti “warning” tí wọ́n ń kọ: èwo ló le jù?

Warning ló le jù. Wọ́n máa ń kéde watch ní nǹkan bí wákàtí 48 kí atẹ́gùn líle tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ó ṣeé ṣe kí ìjì dé. Warning máa ń tó bíi wákàtí 36, ó ní ó ń bọ̀. Watch ni kí ẹ̀yin òbí fi ṣe àmì láti pe ọmọ yín. Tó bá fi di warning, ọkọ̀ ti kún ojú ọ̀nà, epo sì ti ń tán ní ilé epo.

Aago mélòó ni ìròyìn tuntun ń jáde, ní aago Nàìjíríà?

Ibùdó ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọpa ìjì, tó wà ní Miami, máa ń gbé ìròyìn jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́: aago 10 àárọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, aago 10 alẹ́, àti aago 4 ìdájí ní aago tiwa. Orí hurricanes.gov ló wà. Tí ìjì bá ti sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n á fi òmíràn sí àárín. Ní àsìkò yẹn, apá tó pọ̀ jù ní Florida fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn wa, Houston fi 6. Ẹ má tìtorí fídíò WhatsApp tí kò ní ọjọ́ lára jí ọmọ yín lóru, nítorí fídíò ìjì ọdún mìíràn máa ń yí ká.

Ilé ọmọ mi kò sí nínú àwòrán tó fẹ̀ lẹ́nu tí wọ́n yà sórí máàpù. Ṣé ó ti bọ́?

Kò tíì bọ́. Ibi tí àárín ìjì lè gbà ni àwòrán yẹn ń sọ, kò sọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó. Àárín ìjì gan-an sì máa ń yà kúrò nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́ta. Lọ́dún 2022, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn wà lára Tampa nígbà tí Ian ń bọ̀. Ẹ̀bá Fort Myers, lápá gúúsù, ló wá wọlé sí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, òkun sì gun orí ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an.

Kí ló yẹ kó wà nínú báàgì?

Ìwé ló ṣáájú: páásípọ́ọ̀tù, físà tàbí green card, I-20 (ìwé tí ilé ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gba físà), ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ilé àti ti mọ́tò. Kó di wọ́n sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kó ya fọ́tò gbogbo wọn, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá bómi lọ á fi oṣù púpọ̀ wá òmíràn, ó sì máa ń pa àwọn àjèjì lára ju àwọn onílé lọ.

Lẹ́yìn náà: oògùn, owó lọ́wọ́ nítorí ẹ̀rọ báńkì kì í ṣiṣẹ́ níbi tí iná kò sí, páwà báńkì, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ, oúnjẹ tí kò nílò sísè. Omi mímu jẹ́ nǹkan bí lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó rọ epo kún mọ́tò kí wọ́n tó kéde nǹkan kan.

Ìyá wa lọ wẹ ọmọ ní Houston. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì mọ mọ́tò wà. Kí ni kó ṣe?

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù, níbí ni ẹ ti máa ṣe é, kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ ní kí dókítà rẹ̀ kọ orúkọ oògùn gan-an sí ìwé, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi sí ara páálí nìkan, pẹ̀lú ìwọ̀n tó ń lò. Kó gbé oògùn tó máa ju ọjọ́ tó fẹ́ lò níbẹ̀ lọ. Káàdì ilé ìwòsàn Iléṣà kò ní wúlò fún un níwájú oníṣègùn Houston tí kò mọ ohun tó ń mu.

Kí nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ àti ti ẹni tí wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ wà lórí bébà nínú àpò rẹ̀, nítorí fóònù lè kú. Ní Texas, ẹ ní kí ọmọ pe 211 kó fi orúkọ ìyá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ láti jáde. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kó ṣe é kí ìjì tó dé.

Ẹ bá ìyá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìyá wa fẹ́ràn láti máa sọ pé “ẹ máa lọ, ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti dàgbà.” Ọmọ kò ní lè fi í sílẹ̀. Gbogbo ilé ló máa dúró tì í, àti ọmọ jòjòló tó torí rẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ wa, kò ní mọ́tò.

Yunifásítì ibẹ̀ máa ń ní ètò fún èyí. Kó forúkọ sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ pàjáwìrì ilé ìwé, kó sì béèrè báyìí bóyá họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń ṣí tàbí wọ́n máa ń tì í. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn tí kò ní mọ́tò. Ìjọ rẹ̀, mọ́sálásí rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀: kó sọ fún wọn pé òun kò ní ohun ìrìnnà. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ wa láti béèrè. Ẹ bá a lé ìtìjú yẹn lọ.

Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé. Ṣé wọ́n á gbà á ní ibùdó ààbò?

Red Cross kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni tó wá sá sí ọ̀dọ̀ wọn. Ibi sísùn, oúnjẹ àti omi wà fún gbogbo èèyàn. Tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, kó tètè jáde lọ sí ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ nílẹ̀ òkè. Ẹni tó bá kúrò lọ́jọ́ méjì ṣáájú ló ní àǹfààní láti yan ibi tó máa sùn.

A gbọ́ pé àwọn èèyàn kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń sá. Ṣé kò sàn kí wọ́n jókòó?

Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, Rita ń bọ̀ wá sí Texas, kò tíì pé oṣù kan tí Katrina kọjá, ẹ̀rù sì ba gbogbo èèyàn. Àwọn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ bọ́ sọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà láti agbègbè Houston. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gba odidi ọjọ́, ooru mú, epo tán, àwọn tó ju 100 lọ sì kú lójú ọ̀nà. Nínú wọn ni àwọn arúgbó 23 tí bọ́ọ̀sì wọn gbiná nítòsí Dallas.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ tó wà lójú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ará etí omi rárá, atẹ́gùn nìkan ni wọ́n ń sá fún, wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí òkun ń lé. Ẹni tí wọ́n bá ní kí lẹ́tà rẹ̀ jáde, kó lọ, kó sì tètè lọ. Ẹni tí wọn kò ní kó jáde, tí ilé rẹ̀ lágbára, kó jókòó sílé kó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn.

Ó ti pẹ́ jù, wọn kò jáde. Kí ni kí wọ́n ṣe báyìí?

Kí wọ́n má bọ́ sójú ọ̀nà mọ́. Yàrá tí kò ní fèrèsé, láàárín ilé, ni kí wọ́n wà. Tí omi bá ń wọlé, kí wọ́n gòkè lọ sí àjà òkè, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wọ abẹ́ òrùlé tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Tí atẹ́gùn bá dédé dákẹ́, tí oòrùn tiẹ̀ yọ, ó lè jẹ́ ojú ìjì ló wà lórí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má jáde lọ wo mọ́tò. Atẹ́gùn á tún padà láti apá kejì.

Nípa jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ lè kọ́ wọn, nítorí ní ilẹ̀ wa, ó ti pa odidi ìdílé mọ́jú rí. Ìta ni kó wà, ó kéré tán mítà 6 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Kì í ṣe gáréèjì, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn ìjì ni èéfín yìí máa ń pa wọ́n níbẹ̀.

Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Kí la máa ṣe?

Ẹ má pè é léraléra. Bí ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá ìyàwó àti ìjọ bá ń pe nọ́ńbà kan náà, bátìrì rẹ̀ á tán kó tó rí ẹni tó máa gbà á là. Kí ìjì tó dé, ẹ yan ẹnì kan tí kò sí lójú ìjì, bóyá mọ̀lẹ́bí tó wà ní Chicago tàbí Dallas. Ọmọ á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré ránṣẹ́ sí i, gbogbo yín ní Iléṣà àti Ifẹ̀ á sì máa gbọ́ lẹ́nu ẹni yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì kò túmọ̀ sí ikú. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wó.

Ìjì ti kọjá. Ṣé kó padà sílé?

Kó dúró títí ìjọba ibẹ̀ á fi ní kí wọ́n wọlé. Wáyà iná lè wà nínú omi. Oúnjẹ inú fíríìjì tí iná ti kúrò lára rẹ̀ ju wákàtí 4 lọ, kó dà á nù. Fírísà tó kún lè gbà á dé wákàtí 48, bí wọn kò bá ṣí i.

Ta ló máa san owó ohun tó bàjẹ́?

Adójútòfò ilé tí ọ̀pọ̀ ní kì í san owó omíyalé. Ti omíyalé wà lọ́tọ̀, ti ìjọba àpapọ̀ sì sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ń sáré rà á nígbà tí ìjì ti wà lójú òkun ti pẹ́. Kí ọmọ ya fídíò gbogbo yàrá kó tó jáde.

Owó ìrànwọ́ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́, wà fún ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card, ẹni tí wọ́n gbà bí asásàlà, àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bí ọmọ síbẹ̀, òbí lè béèrè lórúkọ ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò mọ èyí.

Ọjọ́ tí wọ́n fún ìyá ti fẹ́ pé, pápákọ̀ òfuurufú sì ti tì.

Ọjọ́ tó wà lórí I-94 rẹ̀, ìwé tó sọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà, ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọjọ́ tí físà fúnra rẹ̀ máa parí. Tí ìjì kò bá ní jẹ́ kó kúrò kó tó pé, kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù I-539 béèrè àfikún lọ́dọ̀ USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, kí ọjọ́ náà tó kọjá, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé tí wọ́n fi fagi lé ìrìn àjò rẹ̀.

A ti gba àdúrà. Ṣé kò yẹ kí ìgbàgbọ́ tó?

Ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn “Àmín.” Ọmọ tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé “kò sí ewu tó máa sún mọ́ ọ, jókòó sílé rẹ” máa ń jókòó. Ọ̀rọ̀ òbí wúwo lọ́kàn ọmọ Yorùbá, bó tilẹ̀ ti di bàbá ọmọ mẹ́ta. Ẹ gbàdúrà pé kí ọ̀nà dára fún un, kí ẹ sì ní kó gba ọ̀nà náà. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àáfà, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyá ní gbangba.

Àgbàlagbà ni ọmọ mi. Wọ́n ní kó kúrò, ó ní òun ò lọ. Kí ni mo lè sọ?

Ẹ má bú u. Ẹ kọ́kọ́ bi í ohun tó dá a dúró, nítorí kì í sábà jẹ́ agídí. Owó hòtẹ́ẹ̀lì lè má sí. Ibi iṣẹ́ lè ti ní kó wá. Ó lè máa bẹ̀rù pé wọ́n á jí ẹrù òun kó. Ó sì lè ti sá lọ ní ọdún tó kọjá, tí ìjì yà lọ síbòmíràn, tí ó ka owó tó ná sí òfò. Tó bá jẹ́ owó, ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ jọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tó bá jẹ́ ẹrù, ẹ sọ fún un lẹ́nu yín pé ẹ kò béèrè ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ fún un kedere pé tí atẹ́gùn bá ti le, àwọn panápaná àti ọlọ́pàá kì í jáde mọ́. Ó lè pè wọ́n, wọ́n á gbọ́, wọn kò sì ní lè wá títí atẹ́gùn á fi rọlẹ̀. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ìyàwó àti àwọn ọmọ máa lọ. Nígbà tó bá ń di ẹrù wọn sínú mọ́tò, ẹ tún pè é.